Ìwé ìbéèrè ọ́tísìmù fún àwọn ọmọ kékeré ilẹ̀ Ṣáínà: báwo ni wọ́n ṣe ń mọ̀ bóyá ìtumọ̀ rẹ̀ ṣeé gbọ́kàn lé? Ìbéèrè àti ìdáhùn

Kí tiẹ̀ ni ọ́tísìmù?

Ọ̀nà tí ọpọlọ ọmọ gbà ń dàgbà ni. Kì í ràn, kì í ṣe ọwọ́ aráyé, kì í sì í ṣe pé ìyá kò tọ́jú ọmọ. Ọmọ tó ní in máa ń ní ìṣòro láti bá ènìyàn lò, yálà láti fi ẹnu sọ̀rọ̀ tàbí láti fi ojú àti ọwọ́ sọ̀rọ̀. Ó tún lè máa ṣe ohun kan náà léraléra, tàbí kí ariwo, ìmọ́lẹ̀ tàbí aṣọ kan máa dà á láàmú ju bó ṣe ń ṣe ọmọ mìíràn lọ. Ó yàtọ̀ láti orí ọmọ kan sí òmíràn: ọ̀kan lè má sọ̀rọ̀ títí ayé, òmíràn á gboyè ní yunifásítì.

Kò sí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó ń fi í hàn, kò sì sí fọ́tò orí tó ń fi í hàn. Ojú ni wọ́n fi ń wò ó, ẹnu òbí ni wọ́n sì ti ń gbọ́ ọ. Ìdí nìyí tí ìwé ìbéèrè fi ní láárí tó bẹ́ẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Iṣẹ́ wo gan-an ni ìwé ìbéèrè náà ń ṣe?

Ó ń ṣa àwọn ọmọ tó yẹ kí dókítà fara balẹ̀ wò jáde láàárín ọ̀pọ̀ ọmọ. Iṣẹ́ rẹ̀ parí síbẹ̀. Ẹni tó máa sọ pé ọ́tísìmù ni tàbí kì í ṣe òun ni dókítà tàbí ikọ̀ tó mọ iṣẹ́ náà, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti bá ọmọ ṣeré lọ́nà tí wọ́n là sílẹ̀, bí àpẹẹrẹ èyí tí wọ́n ń pè ní ADOS, tí wọ́n sì ti fọ̀rọ̀ wá òbí lẹ́nu wò dáadáa nípa ìgbà èwe ọmọ náà. Fọ́ọ̀mù ojú ewé kan tàbí méjì kò lè ṣe ìyẹn. Síbẹ̀ ẹ ó máa rí àwọn òbí lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń kọ ọ́ pé àyẹ̀wò ti fi hàn pé ọmọ àwọn ní ọ́tísìmù, tó sì jẹ́ pé ìbéèrè 20 péré ni wọ́n dáhùn lórí fóònù.

Níbo ni àwọn ìwé ìbéèrè yìí ti wá?

Èyí tó bí àwọn yòókù ni CHAT, tí Simon Baron-Cohen àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1992 fún ọmọ oṣù 18. Apá méjì ló ní: òbí dáhùn ìbéèrè ní apá kìíní, òṣìṣẹ́ ìlera fi ojú ara rẹ̀ wo ọmọ ní apá kejì. Ó máa wò ó bóyá ọmọ ń wo ojú òun, bóyá ó ń wo ibi tí òun nàka sí, bóyá ó lè fi ife àti ìkòkò tíì ìṣeré ṣe bí ẹni ń bu tíì.

Nígbà tó di 2001, Diana Robins, Deborah Fein àti Marianne Barton ṣe ti Amẹ́ríkà, wọ́n sọ ọ́ ní M-CHAT. Amẹ́ríkà kò ní irú nọ́ọ̀sì tí ń lọ wo ọmọ káàkiri ilé bíi ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nítorí náà wọ́n yọ apá tí òṣìṣẹ́ ń fojú wò kúrò, wọ́n sì fi ìbéèrè kún ti òbí títí ó fi di 23. Ní 2014, wọ́n tún un ṣe sí M-CHAT-R/F, ìbéèrè 20, èyí tí wọ́n ń lò fún ọmọ oṣù 16 sí 30.

Ta ló gbé e dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ Ṣáínà?

Àwọn bíi mélòó kan ni, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí mo máa fi ṣe àpẹẹrẹ níbí ni ti Hong Kong, torí pé ó hàn gbangba, ó sì dára láti fi kọ́ni. Ní 2004, Virginia Wong àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn tó ń jẹ́ Pediatrics. Wọ́n mú ìbéèrè 23 ti Amẹ́ríkà, wọ́n mú apá ìfojúwò ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n so méjèèjì pọ̀, wọ́n sì pè é ní CHAT-23.

Wọn kò kàn túmọ̀ rẹ̀. M-CHAT ń fẹ́ "bẹ́ẹ̀ ni" tàbí "rárá". Àwọn ará Hong Kong fi ìdáhùn oníìpele rọ́pò rẹ̀, láti orí "kì í ṣe é rárá" títí dé "ó máa ń ṣe é gan-an". Mo fara mọ́ ìyẹn. Òbí tí ọmọ rẹ̀ ti nàka sí nǹkan lẹ́ẹ̀mejì láti ìgbà tí wọ́n ti bí i kò mọ èyí tí yóò mú láàárín bẹ́ẹ̀ ni àti rárá, "bẹ́ẹ̀ ni" ló sì máa ń yá àwọn òbí lẹ́nu.

Ẹni tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì àti èdè Ṣáínà dáadáa, ṣé kò lè túmọ̀ rẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ kan ni?

Ó lè ṣe é. Ohun tí kò lè mọ̀ ní alẹ́ ọjọ́ kan ni bóyá ìyá tó bá ka ìtumọ̀ náà ń ro ohun kan náà tí ìyá ará Amẹ́ríkà ń rò.

Ètò tí àwọn olùwádìí máa ń tẹ̀ lé nìyí: ènìyàn méjì túmọ̀ rẹ̀, olúkúlùkù lọ́tọ̀, wọ́n sì fi èkíní wé èkejì. Ẹlòmíràn tí kò rí ti Gẹ̀ẹ́sì rí á wá túmọ̀ ti Ṣáínà padà sí Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n á wo ibi tí ọ̀rọ̀ ti yà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n máa gbé e fún òbí díẹ̀, wọn ò ní béèrè ìdáhùn lọ́wọ́ wọn, ohun tí wọ́n máa béèrè ni "Kí lẹ gbọ́ nínú ìbéèrè yìí?" Ìpele tó kẹ́yìn yìí ni àwọn ènìyàn máa ń fò, òun gan-an sì ni àṣìṣe máa ń fara hàn níbẹ̀.

Ẹ wo ìbéèrè nípa ìka nínà. Ọmọ lè nàka sí bísíkíìtì lórí àga torí pé ó fẹ́ jẹ ẹ́. Ìyẹn dára, ṣùgbọ́n kì í ṣe èyí tí à ń wá jù. Èyí tí à ń wá ni ti ọmọ tó rí ọkọ̀ òfuurufú lókè, tó na ìka sí i, tó sì yíjú wo ìyá rẹ̀ bóyá ìyá rẹ̀ ń wò ó pẹ̀lú òun. Kò bèèrè nǹkan kan, ó kàn fẹ́ kí wọ́n jọ rí i ni. Ọ̀pọ̀ ọmọ tó ní ọ́tísìmù ni kì í ṣe èyí. Bí ìtumọ̀ kò bá ya ìka méjèèjì yìí sọ́tọ̀, ìyá ọmọ tó ń nàka sí bísíkíìtì á dáhùn pé ọmọ òun ń nàka, fọ́ọ̀mù á sì gbà bẹ́ẹ̀.

Ìdẹkùn mìíràn wà nínú ìbéèrè tó ní "kò" tàbí "kì í" nínú. Bí mo bá bi yín pé "Ṣé ọmọ yín kì í wo ojú yín?" tí kì í sì í wò ó lóòótọ́, ẹ ó ní "Bẹ́ẹ̀ ni, kì í wò ó." Bí àwọn ará Ṣáínà náà ṣe ń dáhùn nìyẹn. Ẹni tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì á ní "rárá". Ìwé tó bá gbé irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ wọ èdè mìíràn láìtún un tò á ka ìdáhùn sódì, máàkì á sì dorí kodò láìsí ẹni tó mọ̀. Nínú M-CHAT-R, ìbéèrè kejì, ìkarùn-ún àti ìkejìlá ti yàtọ̀ sí àwọn yòókù tẹ́lẹ̀: nínú àwọn mẹ́ta wọ̀nyí, "bẹ́ẹ̀ ni" ni àmì ewu, nínú àwọn tó kù, "rárá" ni. Ẹni tó bá ń yára kà á ní ilé ìwòsàn tó kún fún ariwo lè má fura.

Èdè Ṣáínà wo ni?

Ìbéèrè gidi nìyí. Ní Hong Kong, Kantonéèsì ni ìyá fi ń bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀, àmọ́ ọ̀nà ìkọ̀wé gbogbogbòò ni wọ́n fi ń kọ fọ́ọ̀mù, pẹ̀lú lẹ́tà àtijọ́ tó kún fún ìlà. Ní Beijing, Mandaríìnì ni, lẹ́tà tí wọ́n ti dín ìlà rẹ̀ kù ni wọ́n sì ń kọ. Ní Taiwan, Mandaríìnì ni pẹ̀lú lẹ́tà àtijọ́. Orúkọ ọ́tísìmù fúnra rẹ̀ kò dọ́gba: orúkọ tí wọ́n ń kọ sínú ìwé ìjọba ní Beijing yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n ń lò ní Hong Kong àti Taiwan. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá ní "ti Ṣáínà ti wà", ẹ bi í léèrè ìlú tí wọ́n ti dán an wò.

Ìyá àgbà ló ń tọ́ ọmọ. Ta ló yẹ kó dáhùn?

Ẹni tó ń wà pẹ̀lú ọmọ jù. Ní Ṣáínà, ìyá bàbá tàbí ìyá ìyá ló sábà máa ń jẹ́. Ní àwọn abúlé, ọ̀pọ̀ òbí ti wá iṣẹ́ lọ sí ìlú ńlá, ọ̀dọ̀ àwọn àgbà ni ọmọ wà láti ọdún dé ọdún. Ìyá tó ń rí ọmọ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún kò lè sọ bóyá ó máa ń mú nǹkan wá fi hàn ènìyàn.

Ìṣòro ń bẹ nínú ti ìyá àgbà náà. Ó lè má lè kàwé dáadáa, nítorí náà ẹnì kan á kà á fún un, bí onítọ̀hún bá sì ṣe kà á ni yóò ṣe dáhùn. Ó tún lè jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ló ń ṣe gbogbo nǹkan fún ọmọ: kí ọmọ tó nàka sí omi, omi ti dé ẹnu rẹ̀. M-CHAT béèrè bóyá ọmọ fẹ́ràn láti máa gun nǹkan, bí àtẹ̀gùn. Ọmọ tí wọn kì í jẹ́ kó kúrò lẹ́yìn tàbí lọ́wọ́, níbo ni yóò ti gun àtẹ̀gùn? Ìdáhùn "rárá" níbẹ̀ ń sọ nípa ìyá àgbà ju bó ṣe ń sọ nípa ọmọ lọ.

Ó dáa, wọ́n ti túmọ̀ rẹ̀. Báwo ni wọ́n ṣe wá mọ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́?

Wọ́n á kó ọmọ jọ, àwọn kan tí àwọn dókítà ti fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé wọ́n ní ọ́tísìmù, àwọn kan tí kò ní in. Gbogbo òbí á dáhùn ìwé ìbéèrè. Wọ́n á wá wò ó bóyá ohun tí ìwé sọ bá ohun tí dókítà sọ mu.

Nọ́ńbà méjì ló ń jáde níbẹ̀. Èkíní ni wọ́n ń pè ní sensitivity: nínú àwọn ọmọ tó ní ọ́tísìmù lóòótọ́, mélòó ni ìwé mú? Èkejì ni specificity: nínú àwọn tí kò ní in, mélòó ni ìwé fi sílẹ̀ láìyọ wọ́n lẹ́nu? Nọ́ńbà méjèèjì máa ń jà. Bí ẹ bá tẹ́ àwọ̀n tó dí, ẹ ó mú ẹja tí ẹ fẹ́ pẹ̀lú èyí tí ẹ ò fẹ́.

Ní Hong Kong, ọmọ 212 ni wọ́n wò. 87 wà ní ẹgbẹ́ ọ́tísìmù. 125 yòókù kò ní in, àmọ́ kì í ṣe gbogbo wọn ni ara wọn dá ṣáṣá: 68 ń dàgbà bó ṣe yẹ, 57 ń fà sẹ́yìn nínú ìdàgbàsókè láìní ọ́tísìmù. Ìwádìí náà rí ìbéèrè 7 nínú 23 tó ya àwọn ọmọ sọ́tọ̀ jù. Wọ́n dá lórí kí ọmọ fẹ́ kí ẹlòmíràn jọ wo nǹkan pẹ̀lú òun, eré tí ọmọ fi ń ṣe bí ẹni pé nǹkan kan jẹ́ òmíràn, bó ṣe ń bá ènìyàn lò, àti bó ṣe ń wo ojú àgbà láti mọ̀ bóyá nǹkan kan léwu.

Bí ọmọ bá kùnà nínú èyíkéyìí méjì lára 7 yẹn, sensitivity jẹ́ 93.1%, specificity jẹ́ 76.8%. Kí n yí i sí orí ọmọ: nínú 87, wọ́n mú 81, 6 bọ́, nínú 125, wọ́n dá 29 dúró lásán. Bí wọ́n bá lo òfin mìíràn, kí ọmọ kùnà nínú 6 lára gbogbo 23, wọ́n mú 73 péré, ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n dá dúró lásán dín kù sí 19. Apá ìfojúwò ló ń ṣọ́ra jù: kí ọmọ kùnà nínú 2 lára ohun 4, ó mú 64, ó fi 23 sílẹ̀, ó sì dá 11 nìkan dúró lásán. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi dámọ̀ràn pé kí òbí kọ́kọ́ dáhùn ìbéèrè, kí òṣìṣẹ́ wá fojú wo kìkì àwọn ọmọ tó bá kùnà níbẹ̀.

Mo kà á pé nínú àwọn tí apá ìfojúwò CHAT-23 mú, 85% ló ní ọ́tísìmù. Bí ó bá mú ọmọ mi, ṣé 85% náà kan ọmọ mi?

Rárá o. Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ dúró pẹ́ sí, torí pé òun ni àwọn oníròyìn, àwọn òbí, àti dókítà míì pàápàá, ń sọ gbólóhùn tí kò rí bẹ́ẹ̀ nípa rẹ̀.

Nọ́ńbà yẹn, 85.3%, jẹ́ òótọ́ láàárín àwọn ọmọ 212 tí wọ́n wò. Ó wá láti inú 64 àti 11: ọmọ 75 ni wọ́n mú, 64 nínú wọn ní in. Ṣùgbọ́n ẹ wo irú àwùjọ tí èyí ti ṣẹlẹ̀. 87 nínú 212, ó ju ìdá méjì nínú márùn-ún lọ, ló ti ní ọ́tísìmù tẹ́lẹ̀. Kò sí àdúgbò kankan láyé tó rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká gbé ìwé kan náà lọ sí àdúgbò gidi. Ìwádìí ńlá kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2020 pe ọmọ 142,086 tó wà láàárín ọdún 6 sí 12 ní ìlú mẹ́jọ ní Ṣáínà, 125,806 nínú wọn ló kópa, wọ́n sì ṣírò rẹ̀ pé 0.70% ló ní ọ́tísìmù, ìyẹn ọmọ 7 nínú 1,000. Mo mọ̀ pé àwọn wọ̀nyẹn dàgbà ju ọmọ oṣù 18 lọ, ṣùgbọ́n ó tó fi ṣe ìṣirò. Ká ní ọmọ 10,000 wà. 70 ló ní in. Apá ìfojúwò, pẹ̀lú 73.6% rẹ̀, á mú nǹkan bí 52. Àwọn 9,930 tó kù kò ní in. Apá náà á dá 8.8% wọn dúró lásán, ìyẹn nǹkan bí 874. Àpapọ̀ ọmọ tí ìwé mú jẹ́ 926, àwọn tó ní in lóòótọ́ nínú wọn jẹ́ 52. Kò tó 6 nínú 100.

Ìwé kan náà ni o, ìtumọ̀ kan náà, ìbéèrè kan náà. 85 di 6 kìkì nítorí pé àwọn ọmọ tí wọ́n wò yàtọ̀.

Kí n má baà ṣe àbòsí, ohun méjì lè mú kí ọ̀rọ̀ dára ju bí mo ṣe ṣírò rẹ̀ yìí lọ. Àwọn ará Hong Kong kò ní kí ẹ lo apá ìfojúwò nìkan fún gbogbo ọmọ àdúgbò. Lẹ́yìn ìbéèrè òbí ló yẹ kó tẹ̀ lé e. Èkejì, àwọn ọmọ 57 tó ń fà sẹ́yìn ṣòro láti yà sọ́tọ̀ kúrò lára ọmọ tó ní ọ́tísìmù, wọn kò sì ní pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ ní àdúgbò. Ó ṣeé ṣe kí specificity ga sí i níta. Àmọ́ kò lè ga tó láti padà sí 85.

Kí ni "mental age" tí wọ́n ń sọ nínú ìwádìí Hong Kong?

Ìpele tí òye ọmọ dé, láìka ọjọ́ orí rẹ̀ sí. Àwọn ọmọ 212 yẹn, òye wọn ló wà ní ti ọmọ oṣù 18 sí 24. Èyí túmọ̀ sí pé ọmọ tó ti dàgbà jù bẹ́ẹ̀ lọ lè wà nínú wọn. Ó bọ́gbọ́n mu fún ìfiwéra, ṣùgbọ́n òbí tó gbé ọmọ oṣù 18 dé ilé ìwòsàn kò ní láti rò pé irú ọmọ òun gan-an ni wọ́n wò.

Kí ló dé tí wọ́n tún ń pe òbí padà láti bi í ní ìbéèrè tó ti dáhùn?

Kí wọ́n lè dín àwọn tí wọ́n dá dúró lásán kù. Lẹ́tà F tó gbẹ̀yìn M-CHAT-R/F dúró fún ìpè yẹn. Ọmọ tó bá gba máàkì 0 sí 2 kò ní ewu púpọ̀. Èyí tó bá gba 3 sí 7 ni wọ́n ń pe òbí rẹ̀ padà. Láti 8 lọ sókè, wọ́n lè má wulẹ̀ pè é, kí wọ́n darí ọmọ náà sọ́dọ̀ àwọn onímọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Ká ní ìyá ti kọ "rárá" sí ìbéèrè pé bí ẹ bá nàka sí nǹkan ní òdìkejì yàrá, ṣé ọmọ máa ń wò ó. Òṣìṣẹ́ kò ní tún un bi bẹ́ẹ̀. Á ní: "Bí ẹ bá nàka sí nǹkan, kí ni ọmọ máa ń ṣe?" Bí ìyá bá ní ó máa ń wo nǹkan náà, tàbí ó ń wò ó bí òun bá fi "wò ó!" kún un, ọmọ yege. Bí ó bá ní kì í kà á sí, tàbí ó ń wo yíká yàrá láìnídìí, tàbí ìka ìyá rẹ̀ gan-an ló ń tẹjú mọ́, kò yege. Ọmọ tó ń wo ìka dípò ohun tí ìka ń tọ́ka sí! Àpótí "bẹ́ẹ̀ ni" àti "rárá" kò lè gba irú àlàyé yìí láéláé.

Nínú ìwádìí Amẹ́ríkà tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2014, tí wọ́n ṣe fún ọmọ 16,071, nínú àwọn tó ṣì kùnà lẹ́yìn ìpè kejì tí wọ́n sì yẹ̀ wò, 47.5% ló ní ọ́tísìmù. 94.6% ní ọ́tísìmù tàbí ìdádúró mìíràn nínú ìdàgbàsókè. Nítorí náà àwọn tí kò ní ọ́tísìmù gan-an, ọ̀pọ̀ wọn nílò ìrànwọ́ lọ́nà mìíràn.

Ẹni tó bá túmọ̀ fọ́ọ̀mù, tí kò túmọ̀ ìpè kejì, ìdajì iṣẹ́ ló ṣe.

Cronbach's alpha ìtumọ̀ kan ga, ìyẹn nọ́ńbà tí wọ́n fi ń mọ bí àwọn ìbéèrè inú ìwé kan ṣe bára wọn mu tó. Ṣé kò tó ni?

Kò tó. Ohun tó ń sọ ni pé àwọn ìbéèrè náà ń bá ara wọn rìn. Kò sọ ibi tí wọ́n jọ ń lọ. Bákan náà, kí òbí dáhùn lónìí, kó sì dáhùn bákan náà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, dára, ṣùgbọ́n ènìyàn lè ṣe àṣìṣe kan náà lẹ́ẹ̀mejì.

Àwọn ọmọ tí ìwé kò mú ńkọ́?

Àwọn gan-an ló ṣòro jù láti kà. Nínú ọ̀pọ̀ ìwádìí, àwọn tó bá kùnà nìkan ni dókítà ń rí. Àwọn tó yege ti lọ sílé. Bí ìwé bá fi ọmọ kan sílẹ̀, ta ló máa mọ̀? Ó dà bíi pé ìwé kò pàdánù ẹnì kankan, sensitivity á sì dùn ún gbọ́.

Àwọn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe ohun tó yẹ pẹ̀lú CHAT. Wọ́n tẹ̀ lé ọmọ 16,235 fún ọdún mẹ́fà. Nígbà tí wọ́n tẹ àbájáde rẹ̀ ní 2000, specificity jẹ́ 98%, sensitivity sì jẹ́ 38%. Nínú ọmọ mẹ́wàá tó padà ní in, kò tó mẹ́rin tí wọ́n mú ní oṣù 18. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn pé wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde. Bí ìwé ìtumọ̀ kan bá ní sensitivity 95% láìsí ẹni tó tẹ̀ lé àwọn ọmọ tó yege, ẹ má tètè gbà á gbọ́.

Ṣé ìtìjú kì í jẹ́ kí òbí purọ́?

Kì í fìgbà gbogbo jẹ́ irọ́. Ìrètí ló máa ń jẹ́. Òwe kan wà lẹ́nu àwọn ará Ṣáínà tí ń sọ pé ẹni tí yóò di ẹni ńlá máa ń pẹ́ sọ̀rọ̀. Ọmọ ọdún méjì kò tíì pe "màmá", àwọn àgbà á ti fi òwe yìí tu ìyá rẹ̀ nínú, ọdún kan á tún kọjá. Ọ̀rọ̀ ọ́tísìmù kò sì pẹ́ púpọ̀ ní ilẹ̀ wọn: 1982 ni Tao Guotai, dókítà ní Nanjing, kọ̀wé nípa ọmọ mẹ́rin àkọ́kọ́ tí wọ́n mọ̀ pé wọ́n ní in. Ní 1993, Tian Huiping, tí ọmọkùnrin rẹ̀ ní ọ́tísìmù, dá ilé ẹ̀kọ́ Xingxingyu sílẹ̀ ní Beijing. Àwọn ènìyàn ibẹ̀ máa ń pe irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní ọmọ ìràwọ̀. Orúkọ tó dùn létí ni, ṣùgbọ́n n kò mọ bóyá ó ran ọmọ kankan lọ́wọ́ láti tètè rí dókítà.

Ìdí rèé tí ìbéèrè tó dára fi ń béèrè ohun tí ojú rí, tí kì í béèrè èrò. "Ṣé ọmọ yín ń dàgbà dáadáa?" á mú ìrètí wá. "Lọ́sẹ̀ tó kọjá, kí ló mú wá fi hàn yín?" á mú ìran wá.

Kí ni ìjọba Ṣáínà ń ṣe báyìí?

Ní 2022, àjọ ìlera ìjọba àpapọ̀ wọn gbé ìlànà kan jáde fún ọmọ láti ìgbà ìbí títí dé ọdún 6. Ẹ̀ẹ̀mọ́kànlá ni wọ́n máa wo ọmọ: ìgbà mẹ́rin ní ọdún àkọ́kọ́, ìgbà mẹ́rin láàárín ọdún 1 sí 3, ìgbà mẹ́ta ṣáájú ilé ẹ̀kọ́. Ilé ìlera àdúgbò ló ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, wọ́n á sì darí ẹni tó bá kùnà lọ sókè. Lójú tèmi, wíwò léraléra yìí lágbára ju ìwé ìbéèrè èyíkéyìí tí wọ́n lò lẹ́ẹ̀kan lọ, torí ọmọ tó bọ́ ní oṣù 18 ṣì ní ànfààní ní oṣù 24. Ohun tó kù ni bóyá àwọn tó lè fi ìdí ọ̀rọ̀ múlẹ̀ pọ̀ tó láti gba gbogbo àwọn tí ilé ìlera bá darí sọ́dọ̀ wọn.

Ọmọ Yorùbá ni wá ní Amẹ́ríkà, wọ́n fún wa ní M-CHAT-R. Ṣé ọ̀rọ̀ yìí kàn wá?

Ó kàn yín. Àwọn dókítà ọmọdé ibẹ̀ ní ìmọ̀ràn láti wo gbogbo ọmọ ní oṣù 18 àti oṣù 24, nítorí náà kì í ṣe pé wọ́n fura sí tiyín. Bí ìbéèrè kan kò bá yé yín, ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì. Bí ìyá ìyá ọmọ bá ti ilé wá, tí òun ló ń tọ́jú ọmọ lọ́sàn-án, ẹ jọ dáhùn.

Àwọn kan máa ń sọ pé ìbéèrè nípa wíwo ojú kò kan wa, pé ọmọ tó ní ẹ̀kọ́ kì í tẹjú mọ́ àgbà. Ọmọ oṣù 18 kò tíì gbọ́ ẹ̀kọ́ yẹn. Ohun tí wọ́n ń béèrè ni bóyá ó ń wo ojú ìyá rẹ̀ nígbà tí ìyá rẹ̀ ń wọṣọ fún un tàbí tó ń bá a ṣeré. Ọmọ wa ń ṣe é, ọmọ Ṣáínà náà ń ṣe é.

Ṣé mo lè mú ti Hong Kong, kí n túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá, kí n lo nọ́ńbà wọn?

Ẹ lè kọ́ ọ̀nà iṣẹ́ wọn. Nọ́ńbà wọn kò lè bá yín wá sílé. 93.1% yẹn, ti àwọn ọmọ 87 kan ní Hong Kong ni, àwọn ọmọ yín á ní tiwọn lẹ́yìn tí ẹ bá ti wò wọ́n.

Ta ló ni ìwé ìbéèrè náà, ṣé owó ni wọ́n ń gbà?

M-CHAT-R/F ní ẹ̀tọ́ oníǹkan, ṣùgbọ́n ọ̀fẹ́ ni fún ìtọ́jú, ìwádìí àti ẹ̀kọ́. Ẹ kò gbọ́dọ̀ yọ ìbéèrè kankan kúrò, ẹ kò sì gbọ́dọ̀ yí i padà tàbí kí ẹ mú díẹ̀ nínú rẹ̀ lò. Ẹni tó bá fẹ́ túmọ̀ rẹ̀ sí èdè tuntun ní láti kọ̀wé sí àwọn tó ni ín kó tó bẹ̀rẹ̀.